Ohun tí mo kọ́ nídìí ẹjọ́ owó ìfarapa ẹ̀gbọ́n mi tó ṣe sójà ní Amẹ́ríkà

Ìwé tí ìjọba Amẹ́ríkà fi ń sọ fún sójà tó ti fẹ̀yìntì pé àwọn ò ní fún un lówó ìfarapa kì í ṣe ìwé tí èèyàn ń kà lẹ́ẹ̀kan kó sì sọ ọ́ sínú àpótí. Inú ìwé yẹn gan-an ni wọ́n ti ń kọ ohun tó kù tí wọn ò rí. Ẹni tó bá kà á dáadáa máa mọ ohun tó yẹ kó wá lọ. Ẹni tí kò bá kà á, ohun tó ti sọ tẹ́lẹ̀ ló máa tún lọ sọ, èsì àkọ́kọ́ náà ni wọ́n sì máa tún fún un. Mò ń kọ èyí nítorí pé àwọn ọmọ wa tó ṣe sójà lọ́hùn-ún tí wọ́n sì ti padà wálé pọ̀. Ní Abẹ́òkúta níbí, mo mọ àwọn kan ní Ìbarà, mo mọ àwọn kan ní Àsẹ̀rò àti Ọbáńtókò. Òmíràn nínú wọn ti gba ìwé "rárá", ó ní bí Ọlọ́run ṣe kọ ọ́ nìyẹn, ó jókòó ti ìrora rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ló mú mi dé ìdí ọ̀rọ̀ yìí. Físà lọ́tìrì ló gbé e dé Amẹ́ríkà. Ó wọ iṣẹ́ sójà ní 2004, wọ́n gbé e lọ sí Iraq, ọkọ̀ tó ń gbé epo ló ń wà níbẹ̀. Ó kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ní 2008. Nígbà tó fi máa padà wá sí Abẹ́òkúta, ẹ̀yìn ń dùn ún, etí rẹ̀ ń hó tọ̀sán-tòru, kò sì lè gun òkè Ìtókò láì dúró mí lójú ọ̀nà. Ó kọ̀wé bèèrè owó lọ́dọ̀ VA, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn sójà tó ti fẹ̀yìntì lọ́hùn-ún. Ìbẹ̀rẹ̀ 2021 ni èsì dé. Wọ́n gbà fún un lórí etí, ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún, ìyẹn ìwọ̀n tí wọ́n fi ń sọ bí àìsàn ṣe burú tó, tí wọ́n sì fi ń mọ iye owó tí wọ́n máa san. Wọ́n ní rárá lórí ẹ̀yìn, wọ́n ní rárá lórí èémí.

Èmi kì í ṣe lọ́yà. Akọ̀wé ni mo ṣe ní ọ́fíìsì lọ́yà ní ìtòsí kóòtù Ìsàbọ̀ títí mo fi fẹ̀yìntì. Ẹni tó bá pẹ́ nídìí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ mọ̀ pé bí ìdájọ́ bá dé, ibi tí adájọ́ ti sọ ìdí rẹ̀ ni èèyàn kọ́kọ́ ń wá. Mo ní, "Bùọ̀dá mi, ẹ gbé ìwé yẹn wá kí n wò ó." Ó ní, "Wọ́n ti kọ̀ ọ́ ná, kí la tún fẹ́ kà níbẹ̀?" Ṣùgbọ́n ó gbé e wá.

Ohun mẹ́ta ni VA ń wá kí wọ́n tó gbà pé iṣẹ́ sójà ló fa àìsàn. Wọ́n fẹ́ rí i pé àìsàn náà wà lára rẹ lónìí, tí dókítà sì ti fìdí rẹ̀ múlẹ̀. Wọ́n fẹ́ rí i pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀ sí ọ nígbà tí o wà lẹ́nu iṣẹ́: o ṣubú ni, àbí ìbọn dún sí ọ létí, àbí o fa èéfín. Wọ́n wá fẹ́ rí ohun tó so méjèèjì pọ̀, pé tìtorí tọ̀hún ni teléyìí. Ààrò mẹ́ta kì í da ọbẹ̀ nù, àmọ́ bí ọ̀kan bá yẹ̀ nínú wọn, ọbẹ̀ dà nù nìyẹn. Nínú ìwé ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ gbangba pé àwọn gbà pé ẹ̀yìn ń dùn ún. Wọ́n gbà pé ó jábọ́ láti orí ọkọ̀ ní Iraq. Ohun tí wọ́n ní àwọn ò rí ni ọ̀rọ̀ dókítà tó sọ pé ìjábọ́ yẹn ló fa ìrora tòní. Òun nìkan. Ẹ̀gbọ́n mi sì ti ń múra àtikọ ìwé gígùn láti fi ṣàlàyé bó ṣe jábọ́!

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí èyí. Òfin tuntun tí wọ́n fi ń gbọ́ ẹjọ́ wọ̀nyí, tí wọ́n buwọ́ lù ní 2017 tó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 19 oṣù Kejì 2019, ní kí VA to ohun tí wọ́n ti gbà fún sójà náà sínú ìwé èsì. Ohun tí wọ́n bá ti gbà bẹ́ẹ̀, ẹni tó máa tún ẹjọ́ náà wò kò lè ṣàdédé gbà á padà, àfi tí àṣìṣe tó hàn kedere bá wà níbẹ̀. Ká máa jà lórí ohun tí wọ́n ti gbà, agbára àti àsìkò là ń fi ṣòfò. Mo fa ìlà sábẹ́ ohun tí wọ́n gbà, mo tún fa ìlà sábẹ́ ohun tí wọn ò rí, mo gbé e fún un padà. Ó kà á, ó dákẹ́, ó ní, "Ó dà bíi pé dókítà la ń wá."

Ọ̀nà mẹ́ta ni òfin 2019 yẹn là sílẹ̀ fún ẹni tí èsì kò tẹ́ lọ́rùn. Ọ̀kan ni kí o mú ẹ̀rí tuntun wá, èyí tí wọ́n ń pè ní Supplemental Claim, fọ́ọ̀mù rẹ̀ ni 20-0995. Èkejì, Higher-Level Review, fọ́ọ̀mù 20-0996, ni kí ọ̀gá kan tó mọ iṣẹ́ náà jù tún fáìlì náà wò bó ṣe wà. O kò lè fi ẹ̀rí tuntun kún un, ṣùgbọ́n o lè ní kí wọ́n pè ọ́ lórí fóònù kí o fi ibi tí wọ́n ti ṣì í hàn wọ́n. Ẹ̀kẹta ni kí ẹjọ́ náà lọ síwájú adájọ́ ní Board of Veterans' Appeals ní Washington, fọ́ọ̀mù 10182. Àwọn èèyàn máa ń bi mí pé èwo ló dára jù. Ohun tó kù nínú ìwé rẹ ló máa sọ èyí tó bá ọ mu. Bó bá jẹ́ pé ẹ̀rí ti wà nínú fáìlì tí wọn ò sì kà á, ọ̀gá ni kó wò ó. Bó bá jẹ́ pé ẹ̀rí ni kò sí, bíi ti ẹ̀gbọ́n mi, kí ni ọ̀gá fẹ́ wò? Lọ wá ẹ̀rí.

Ọdún kan ni wọ́n ń fún èèyàn, wọ́n sì ń kà á láti ọjọ́ tó wà lórí ìwé èsì náà. Wọn kì í kà á láti ọjọ́ tó tẹ̀ ọ́ lọ́wọ́ ní Abẹ́òkúta. Bí ọdún náà bá kọjá, o ṣì lè mú ẹ̀rí tuntun wá, ṣùgbọ́n ọjọ́ tí o kọ́kọ́ bèèrè ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ, owó tí ì bá ti máa kà láti ọjọ́ yẹn sì ti lọ. Ìdí nìyí tí inú mi fi ń bàjẹ́ tí mo bá gbọ́ pé ẹnì kan gba ìwé "rárá" tó sì fi í pamọ́ kí ọkàn rẹ̀ lè rọlẹ̀ ná.

Dókítà tó ń tọ́jú ẹ̀gbọ́n mi níbí ti kọ ìwé fún un tẹ́lẹ̀. Orúkọ rẹ̀, orúkọ àìsàn, orúkọ oògùn, ó parí. Ìwé gidi ni, ṣùgbọ́n ohun tí VA ti gbà ló ń sọ. A padà lọ bá a, a kó ìwé ilé ìwòsàn ológun dání. Sójà ní ẹ̀tọ́ láti bèèrè ẹ̀dà gbogbo ohun tó wà nínú fáìlì rẹ̀ lọ́dọ̀ VA, fọ́ọ̀mù 20-10206 ni wọ́n fi ń bèèrè rẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi sì ti gbà á. Dókítà náà jókòó, ó ń ṣí i léwé-léwé. Ó dé ibi tí wọ́n kọ sí pé ó jábọ́ láti orí ọkọ̀, pé ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn ń dùn ún, pé kó má gbé nǹkan tó wúwo. Déètì tó wà níbẹ̀ ni 04/09/2006. Dókítà mú bírò, ó fẹ́ kọ September. Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Rárá o, dókítà, oṣù kẹrin ni. Àwọn ará ibẹ̀, oṣù ni wọ́n ń kọ ṣáájú ọjọ́." Bí September bá wọ ìwé yẹn, ẹni tó máa kà á lọ́hùn-ún á sọ pé dókítà yìí kò ka fáìlì. Láti ìgbà náà, gbogbo déètì tí a bá kọ ránṣẹ́, a ń kọ orúkọ oṣù rẹ̀ jáde.

Ìwé tí dókítà náà wá kọ ní ohun tí ti àkọ́kọ́ kò ní. Ó sọ pé òun ka ìwé ilé ìwòsàn ológun, ó sì dárúkọ ojú ewé tó kà. Ó sọ èrò rẹ̀ ní gbólóhùn tí VA máa ń wá, "at least as likely as not". Dókítà kò ní láti búra pé ó dá òun lójú ọgọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún. Bó bá ti dé ìdajì, ó tó, nítorí pé òfin wọn ní bí ẹ̀rí bá dọ́gba, sójà ni kí wọ́n dá a fún. Lẹ́yìn náà ló wá sọ ìdí: irú ìjábọ́ bẹ́ẹ̀, ohun tó ń ṣe sí eegun ẹ̀yìn, àti bí àwòrán eegun rẹ̀ ṣe bá a mu. Ìdí yẹn ló ṣe pàtàkì jù. Ìwé tó bá sọ èrò tí kò sọ ìdí, wọn kì í kà á kún.

Àmọ́ àlàfo kan ṣì wà. Ọdún mélòó kan lẹ́yìn 2008 ni kò ti lọ sí ilé ìwòsàn rárá nítorí ẹ̀yìn yẹn. Oògùn ìrora ló ń rà lọ́dọ̀ kẹ́míìsì. Ta ló máa jẹ́rìí sí àwọn ọdún yẹn? Ibí ni ọ̀pọ̀ kò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ará ilé jẹ́ ẹ̀rí lọ́dọ̀ VA. Fọ́ọ̀mù wà fún un, 21-10210. Ẹni tí wọ́n jọ ṣe sójà lè kọ ohun tó fi ojú rẹ̀ rí, ìyàwó lè kọ ohun tó ń rí nílé. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tí wọ́n jọ wà ní Iraq kọ tirẹ̀ láti Texas. Ìyàwó wa náà kọ tirẹ̀, ó fi hàn mí. Ó kọ ọ́ pé ọkọ òun ń jìyà gan-an, pé kí wọ́n jọ̀ọ́ ṣàánú rẹ̀. Mo ní, "Ìyàwó wa, ìyà yẹn, báwo lẹ ṣe ń rí i?" Ó ronú, ó ní, "Ọkọ mi, kò lè ṣe rùkúù mọ́."

Ohun tí a wá nìyẹn! Rùkúù ni títẹ̀ síwájú nínú ìrun; kó tó péye, ẹ̀yìn gbọ́dọ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ. Ó kọ ọ́ pé láti ìgbà tí wọ́n ti padà sí Abẹ́òkúta, bó bá tẹ̀ síwájú, agbede méjì ló ń dúró, ọwọ́ rẹ̀ kì í dé orúnkún, pé orí àga ló ti ń kírun ní mọ́ṣáláṣí báyìí, pé òun lòun ń bá a so okùn bàtà. Kò sí "ẹ ṣàánú" níbẹ̀ mọ́. Ẹ wá wo bí VA ṣe ń wọn ẹ̀yìn: bó o ṣe lè tẹ̀ síwájú tó ni wọ́n ń wọ̀n, digírì 90 ni ó pé. Bí o bá kọjá 30 tí o kò kọjá 60, ìdá 20 ni. Bí kò bá kọjá 30, ìdá 40 ni. Ìyàwó wa kò mọ ìwọ̀n kankan, ṣùgbọ́n ohun tí ó ń rí lórí ẹní ìkírun lójoojúmọ́ ni wọ́n ń wá.

Ọ̀rọ̀ àyẹ̀wò tún nìyí, ó sì kan àwa Yorùbá gidi gan-an. VA máa ń ní kí dókítà kan yẹ èèyàn wò kí wọ́n tó dájọ́. Nígbà àkọ́kọ́, dókítà bi ẹ̀gbọ́n mi pé báwo ni ara. Kí ni ọmọ Yorùbá tí wọ́n tọ́ dáadáa máa sọ? Ó ní, "A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ara ń mókun." Dókítà kọ ọ́ sílẹ̀ pé ara rẹ̀ yá. Mo rí i nínú fáìlì. Kò sí ẹni tó lè ní kí ẹ̀gbọ́n mi má dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ṣùgbọ́n nígbà àyẹ̀wò kejì, tí wọ́n ṣètò rẹ̀ fún un ní Èkó, a jọ sọ ọ́ nílé kó tó lọ: bí wọ́n bá bi yín pé báwo ni ara, ẹ sọ ti ọjọ́ tó burú, ẹ sọ iye ìgbà tí irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ ń wá lóṣù. Bí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ tẹ̀ síwájú, ibi tí ìrora bá ti bẹ̀rẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti sọ ọ́ jáde. Ẹ má fún eyín pọ̀ kẹ́ ẹ fi akin ṣe é. Ẹ má sì fi kún un, torí ohun tí ẹ bá sọ gbọ́dọ̀ bá ìwé mu. Ó sọ ọ́ bó ṣe rí gan-an. Wọ́n gbà fún un lórí ẹ̀yìn, ìdá 20, wọ́n sì kà á láti ọjọ́ tó kọ́kọ́ bèèrè, nítorí pé ọdún kan kò tíì pé tí a fi fọ́ọ̀mù 20-0995 ránṣẹ́.

Ti èémí kò gba irú làálàá bẹ́ẹ̀, òfin ló yanjú rẹ̀. Ní Iraq, kòtò ńláńlá ni wọ́n ti ń dáná sun gbogbo ìdọ̀tí bárékè: ike, táyà, oògùn, epo. Àwọn sójà ń fa èéfín yẹn tọ̀sán-tòru. Ní 2019 ni dókítà níbí sọ fún ẹ̀gbọ́n mi pé ikọ́ fée ló ń ṣe é, asthma. Ọjọ́ 10 oṣù Kẹjọ 2022 ni Ààrẹ Biden buwọ́ lu òfin tí wọ́n ń pè ní PACT Act. Òfin náà ní bí sójà tó lọ sí irú ibi bí Iraq bá ní ikọ́ fée lẹ́yìn tó kúrò lẹ́nu iṣẹ́, kí VA gbà pé iṣẹ́ ló fà á. Ohun tó so méjèèjì pọ̀, tí wọ́n ní àwọn ò rí ní 2021, òfin ti so ó. Ẹni tí wọ́n ti kọ̀ fún ṣáájú lè padà lọ pẹ̀lú Supplemental Claim. Ẹ̀gbọ́n mi padà lọ kí 2022 tó parí, wọ́n sì kà á fún un láti ọjọ́ 10 oṣù Kẹjọ yẹn. Ìdá 30, nítorí oògùn àfàsímú tó ń lò lójoojúmọ́. Mo bẹ ẹni tí wọ́n ti kọ̀ fún kí 2022 tó dé, tó sì ṣiṣẹ́ ní Iraq, Kuwait tàbí Afghanistan, kó tún ìwé rẹ̀ gbé jáde.

Èèyàn á rò pé 30 àti 20 àti 10, ọgọ́ta nìyẹn. Ọ̀tọ̀ ni bí wọ́n ṣe ń ṣírò rẹ̀. Èyí tó tóbi jù ni wọ́n ń kọ́kọ́ mú: 30, ó ku 70 nínú ara. Ìdá 20 nínú 70 yẹn jẹ́ 14, àpapọ̀ di 44, ó ku 56. Ìdá 10 nínú 56 jẹ́ 5.6, àpapọ̀ di 49.6. Wọ́n á sún un sí ẹ̀wá tó sún mọ́ ọn jù, ó di 50. Ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ tìtorí rẹ̀ jà kí n tó jókòó ṣírò rẹ̀ fún un lórí bébà. Láti ìdá 30 lápapọ̀ lọ sókè ni wọ́n ti ń fi owó ìyàwó àti ọmọ kún un, nítorí náà kí ìwé ìgbéyàwó àti ìwé ọjọ́ ìbí àwọn ọmọ ti wà nílẹ̀. Ìtọ́jú àìsàn tí wọ́n bá sì ti gbà pé iṣẹ́ ló fà, ètò kan wà tí wọ́n ń pè ní Foreign Medical Program tó ń san owó rẹ̀ padà fún ẹni tó ń gbé lẹ́yìn odi Amẹ́ríkà. Ẹ tọ́jú rìsíìtì.

Àwọn tó ń pe ara wọn ní agbaninímọ̀ràn máa ń pè. Ọ̀kan pe ẹ̀gbọ́n mi láti orí fóònù, ó ní kó fọwọ́ sí ìwé pé òun á máa gba nínú owó oṣù rẹ̀. Mo ní kó má fọwọ́ sí nǹkan kan. Òfin kò gba ẹnikẹ́ni láyè láti gbowó lọ́wọ́ sójà torí pé ó bá a kọ ìwé ìbéèrè àkọ́kọ́. Lẹ́yìn tí èsì àkọ́kọ́ bá jáde, lọ́yà tàbí aṣojú tí VA fún ní ìwé àṣẹ lè gbowó, wọ́n sì gbà pé ìdá 20 nínú owó àwọn oṣù tó ti kọjá tí VA bá san pọ̀ kò pọ̀ jù. Ẹni tó bá ju ìdá kan nínú mẹ́ta lọ, òun fúnra rẹ̀ ló máa ṣàlàyé ohun tó fà á. Àwọn ẹgbẹ́ sójà bíi DAV, VFW àti American Legion ní àwọn aṣojú tó ní ìwé àṣẹ, wọn kì í gba kọ́bọ̀. Ọ̀kan nínú irú àwọn aṣojú bẹ́ẹ̀ ló ń fi ìwé ẹ̀gbọ́n mi ránṣẹ́. Iṣẹ́ tèmi ò ju pé kí n kà, kí n tò ó, kí n sì rí i pé ọjọ́ kò kọjá.

Ẹjọ́ kan ṣì wà nílẹ̀. Ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ ń kú, ó ń ta á láti ìdí dé ọmọ ìka. Dókítà wa ní láti ẹ̀yìn ló ti wá, òfin sì gbà pé àìsàn tí àìsàn iṣẹ́ bí, àìsàn iṣẹ́ lòun náà. Dókítà tó ṣe àyẹ̀wò fún VA ní kì í ṣe láti ẹ̀yìn, wọ́n sì tẹ̀ lé tirẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, ọ̀rọ̀ dókítà méjì ló kọlu ara wọn, adájọ́ ni kó wọ̀n ọ́n. Ìdí nìyẹn tí a fi yan Board. Níbẹ̀ náà, o lè ní kí wọ́n wo fáìlì bó ṣe wà, o lè fi ẹ̀rí kún un láàárín ọjọ́ 90, o sì lè ní o fẹ́ bá adájọ́ sọ̀rọ̀. Èyí tó ń gba ẹ̀rí la mú, nítorí àyẹ̀wò iṣan tí ẹ̀gbọ́n mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe kò sí nínú fáìlì tẹ́lẹ̀. A ti fi í ránṣẹ́ pẹ̀lú àlàyé dókítà wa, ọjọ́ 90 kò tíì pé. Bí Board bá ní rárá, ọjọ́ 120 la ní láti gbé e lọ sí Court of Appeals for Veterans Claims, kóòtù tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1988 nítorí irú ẹjọ́ yìí, aṣojú wa sì ti ń bá lọ́yà kan tó ń lọ síbẹ̀ sọ̀rọ̀.